Ọdún Àkọ́kọ́ Ọba Béhanzin ní Erékùṣù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Ẹni tó bá ti kó lọ sí abúlé tuntun rí, tàbí obìnrin tó ti bá ọkọ lọ sí ìlú tí kò ti ní ìbátan, mọ bí alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe máa ń gùn tó. Ẹ ó dùbúlẹ̀, oorun kò ní í wá. Ẹ kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ẹ kò mọ ẹni tí ẹ lè bi léèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó kí ènìyàn, ẹ kò sì ní í mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń kí níbẹ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó lọ ní ohun kan lọ́wọ́. Bí ibẹ̀ kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó lè padà sílé. Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí kò lè padà fún yín. Ọba ni ọkùnrin náà. Béhanzin ni orúkọ rẹ̀, ọba Dànhọ̀mẹ̀. Ní ọdún 1894, àwọn Faransé mú un kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e gba orí òkun kọjá, wọ́n sì fi í sí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Martinique. Ilẹ̀ tí omi yí ká ní gbogbo ọ̀nà là ń pè ní erékùṣù. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ tí kò ní ọkọ̀ ojú omi, kò síbi tó lè gbà jáde.

Ẹ lè bi wá pé: «Kí ló kan àwa ará Atakpamé nínú ọ̀rọ̀ ọba Dànhọ̀mẹ̀?» Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun tí ojú àwọn baba wa rí

Ìlú Dànhọ̀mẹ̀ ni aládùúgbò wa ní apá ìlà oòrùn. Agbómẹ̀ ni olú ìlú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iṣẹ́ oko bá ti dínkù, ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ a máa jáde lọ kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn Nàgó àti àwa Ifẹ̀, tí a jọ ń sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni orísun wa, wà lára àwọn tí ìyà yìí jẹ jù lọ. Nígbà ìjọba Ghézo, tó jọba láti ọdún 1818 títí di ọdún 1858, ogun Dànhọ̀mẹ̀ dé Atakpamé. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Frederick Forbes lọ sí Agbómẹ̀ ní ọdún 1849 àti 1850. Nígbà tó padà sílé, ó kọ ọ̀rọ̀ ogun Atakpamé yìí sínú ìwé rẹ̀.

Bí ẹ bá wo ìlú Atakpamé, ẹ ó rí i pé àárín òkè ló wà. Ẹni tí ọ̀tá ń lé mọ iyì òkè. Láti orí òkè, a lè rí ogun kí ó tó dé. Nínú ihò àpáta, ìyá lè fi ọmọ rẹ̀ pamọ́. Bí omi ṣe yí erékùṣù ká, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkè yí àwọn baba wa ká.

Lẹ́yìn Ghézo, ọmọ rẹ̀ Glèlè jọba. Ní ọdún 1886, ogun Glèlè wó Kétu, ìlú àwọn Nàgó ẹgbẹ́ wa, tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ òde òní. Wọ́n sun ún níná, wọ́n sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Dànhọ̀mẹ̀.

Kí ni wọ́n ń fi àwọn ènìyàn tí wọ́n bá kó ṣe? Wọ́n ń fi àwọn kan ṣiṣẹ́ oko ọba. Wọ́n ń pa àwọn mìíràn níbi ọdún àwọn ọba tó ti kú. Wọ́n sì ti ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ fún àwọn òyìnbó ní etí òkun ní Ouidah, kí òwò ẹrú orí òkun tó dópin. Àwọn ọkọ̀ òyìnbó gbé wọn lọ sí Brésil, sí Kúbà, sí Haïti, àti sí Martinique. Ẹ di orúkọ tó gbẹ̀yìn yẹn mú dáadáa. A máa padà sí i.

Béhanzin ni ọmọ Glèlè. Ó gorí oyè nígbà tí baba rẹ̀ kú ní òpin ọdún 1889. Òun náà ta ènìyàn. Ní ọdún 1891, àwọn Jámánì ra ènìyàn tó lé ní 300 lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Kamẹrúùnù, wọ́n sì fi wọ́n ṣe ọmọ ogun láìsan owó iṣẹ́ fún wọn. Ní oṣù December 1893, ara àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbà á mọ́. Wọ́n gbé ìbọn, wọ́n sì dojú ogun kọ àwọn Jámánì tó rà wọ́n.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ka ìtàn Béhanzin lọ, ẹ má gbàgbé pé ọkùnrin tí wọ́n ṣẹ́ lápá níhìn-ín ti ṣẹ́ apá àwọn ẹlòmíràn rí.

Bí ọba ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé

Àwọn Faransé fẹ́ gba etí òkun Dànhọ̀mẹ̀. Ogun àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1890. Ogun kejì, tó le jù, wáyé ní ọdún 1892. Ẹni tó ṣáájú ogun Faransé ni Alfred Dodds. Ọmọ Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàlì ni, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó àti ti ènìyàn dúdú ló wà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Béhanzin jà gidigidi, àti ọkùnrin àti obìnrin, nítorí Dànhọ̀mẹ̀ ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin. Ṣùgbọ́n ìbọn àwọn Faransé lágbára ju tiwọn lọ. Ní oṣù November 1892, Dodds wọ Agbómẹ̀. Kí ó tó dé, Béhanzin ti ti iná bọ ààfin, ó sì ti gba apá àríwá lọ.

Ọba náà sá nínú igbó fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ebi ń pa àwọn tó tẹ̀ lé e, àìsàn ń mú wọn. Ní oṣù January 1894, àwọn Faransé fi arákùnrin rẹ̀ Agoli-Agbo jọba dípò rẹ̀. Nínú oṣù kan náà, Béhanzin jáde fún Dodds. Ìtàn sọ pé ó rò pé wọn yóò mú òun lọ sí Paris, kí òun lè bá olórí ilẹ̀ Faransé sọ̀rọ̀ lójúkojú, bí ọba ṣe ń bá ọba sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un kò jọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù February, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kútọ̀nú. Àwọn ará Agbómẹ̀ sọ pé èèwọ̀ ni fún ọba Dànhọ̀mẹ̀ láti rí òkun. Béhanzin sì ti fi ẹja ńlá eléyín mímú inú òkun, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní requin, ṣe àmì ara rẹ̀. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun ni ẹja tí yóò máa da èbúté rú mọ́ àwọn àjèjì lójú. Nísinsin yìí, orí òkun náà ni wọ́n ti ń gbé e lọ.

Ọjọ́ tó gúnlẹ̀

Ní ọjọ́ 30 oṣù March 1894, ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ ní Fort-de-France, olú ìlú Martinique. Àwọn tó bá ọba lọ kò pọ̀. Àwọn ìyàwó rẹ̀ mélòó kan wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ouanilo. Ìbátan rẹ̀ kan, Adandédjan, bá a lọ, àti ògbifọ̀ kan. Gbogbo ààfin Agbómẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló di ìwọ̀nba ènìyàn tó lè jókòó sábẹ́ igi kan.

Èrò pọ̀ ní èbúté. Gbogbo ìlú fẹ́ rí ọba Áfíríkà náà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni àwọn èrò yìí? Ẹ rántí orúkọ tí a ní kí ẹ dì mú. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn láti ibi púpọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì kó àwọn kan gba èbúté Ouidah. Àwọn òyìnbó Martinique ní orúkọ pàtó fún àwọn ẹrú tó wá láti apá ọ̀dọ̀ wa: wọ́n ń pè wọ́n ní Arada, nítorí ìlú Allada tó wà nítòsí Ouidah.

Ní ọdún 1848 ni ìlò ẹrú dópin ní Martinique. Láti ọdún yẹn dé ọdún 1894, ọdún 46 péré ni. Èyí fi hàn pé ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún 50 ní èbúté lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sínú oko ẹrú. Ó ti lè gé ìrèké lábẹ́ pàṣán nígbà èwe rẹ̀. Ó wá dúró ní etí omi, ó ń wo ọmọ ìdílé ọba tó ta ènìyàn, tí òun náà ń ti inú ọkọ̀ òyìnbó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, tí sójà sì ń ṣọ́ ọ. Ayé ń yí. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ rò ó.

Ilé tuntun

Wọ́n fi Béhanzin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sí Fort Tartenson. Ilé odi àwọn sójà ni, ó wà lórí òkè, ó ń wo ìlú àti òkun nísàlẹ̀. Kì í ṣe túbú tó ní ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Ọba lè wọ aṣọ ìbora rẹ̀, ó lè mu ìkòkò tábà rẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn Faransé ń fún wọn ní oúnjẹ àti owó ìnáwó. Nígbà mìíràn, ó ń jáde lọ sínú ìlú, àwọn èrò a sì máa wò ó. Ṣùgbọ́n sójà wà lẹ́nu ọ̀nà, gómìnà ló sì ni àṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká ronú nípa irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ta ni ó ń sọ ibùgbé di ilé? Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni. Àwa la ń po amọ̀, àwa la ń mọ ògiri. Àwa la ń mọ ibi tí iná ìdáná yóò wà, tí ìkòkò omi yóò jókòó sí. A mọ ibi tí a sin àwọn òbí wa sí. Ní Fort Tartenson, ẹlòmíràn ló mọ ògiri, nítorí ogun ni wọ́n sì ṣe mọ ọ́n. Kò sí ibojì baba kankan níbẹ̀. Béhanzin kò lè bọ àwọn baba rẹ̀ ní ibi tó yẹ kó ti bọ wọ́n. Ní Agbómẹ̀, iṣẹ́ ọba nìyẹn. Ọba tí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, kí ló kù tó ń ṣe?

Ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà kò tíì fìdí múlẹ̀ tán. Ní oṣù June 1890, iná ńlá jó apá tó pọ̀ jù ní Fort-de-France. Ní oṣù August 1891, ìjì líle jà ní erékùṣù náà, ó wó ilé, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Nítorí náà, ní ọdún 1894, àwọn ará ìlú náà ṣì ń tún ilé wọn kọ́. Ní ọdún 1893 gan-an ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé ńlá kan tí wọ́n fi orúkọ Victor Schoelcher pè. Ọmọ Faransé ni Schoelcher, ó wà lára àwọn tó jà jù lọ kí ìlò ẹrú lè dópin ní ọdún 1848. Ó kó àwọn ìwé rẹ̀ fún Martinique kí àwọn ọmọ ẹrú lè máa kà wọ́n. Iná ọdún 1890 jó ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n parí ilé náà. Schoelcher kú ní oṣù December 1893, oṣù mẹ́ta kí Béhanzin tó dé.

Oúnjẹ àti ojú ọjọ́

Ohun kan wà tó lè yà yín lẹ́nu. Òkun ńlá ló wà láàárín wa àti Martinique, síbẹ̀ bí ẹ bá dé ọjà wọn, ẹ ó rí ohun tí ẹ mọ̀. Iṣu wà níbẹ̀. Gbágùúdá wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, ilá wà. Òtílí náà wà. Àwọn kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá ọkọ̀ ẹrú débẹ̀ láti Áfíríkà. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń din nǹkan kékeré roboto nínú epo, wọ́n sì ń tà á lójú ọ̀nà. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é? Akra! Ẹja ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀wà bíi tiwa, ṣùgbọ́n àkàrà wa ni orúkọ yẹn. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò lè mú ẹrù kankan dání. Orí wọn ni wọ́n fi ru orúkọ àkàrà lọ.

Ní ti ojú ọjọ́, ibẹ̀ gbóná bíi tiwa. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún títí di bí oṣù May. Lẹ́yìn náà ni òjò yóò bẹ̀rẹ̀. Nínú òjò yìí ni ìjì líle máa ń wá láti orí òkun. Nítorí náà, ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni Béhanzin bá nígbà tó dé, lẹ́yìn náà ni òjò oṣù mélòó kan tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jẹ́ àgbẹ̀ lè fi ọdún bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀: ìgbà wo ni a ń gbin àgbàdo, ìgbà wo ni a ń wú iṣu. Béhanzin kò ní oko. Ó ń wo òjò lásán ni.

Ẹ rí i pé oúnjẹ kọ́ ni ìṣòro rẹ̀ tó le jù, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọjọ́ kọ́. Ìṣòro tó le jù ni ti èdè àti ti lẹ́tà.

Èdè àti lẹ́tà

Ní Martinique, wọ́n ń sọ èdè Faransé àti èdè mìíràn tí wọ́n ń pè ní Créole. Àwọn ẹrú tó wá láti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ Créole, kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn ní àgbọ́yé. Èdè Fọ̀n ni Béhanzin ń sọ. Bí ó bá fẹ́ bá gómìnà sọ̀rọ̀, ó di dandan kó gba ẹnu ògbifọ̀. Bí ó bá fẹ́ béèrè ohun kékeré, ẹnu ògbifọ̀ náà ni.

Ọmọdé ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà. Ouanilo kò tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí wọ́n débẹ̀. Wọ́n fi í sí ilé ẹ̀kọ́, ó kọ́ èdè Faransé, ó kọ́ bí a ti ń kà àti bí a ti ń kọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sí ìlú mìíràn mọ èyí dáadáa. Àwọn ọmọ wa ló ń kọ́kọ́ gbọ́ èdè àdúgbò. Wọ́n á bá àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣeré, wọ́n á sì mú èdè náà bọ̀ wálé. Baba a wá máa bi ọmọ rẹ̀ pé: «Kí ni ọkùnrin yẹn wí?» Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì korò. Ó dùn nítorí ọmọ ń gbọ́n. Ó korò nítorí baba ti di ẹni tí à ń fà lọ́wọ́.

Béhanzin kò jókòó lásán. Ó ń rán lẹ́tà. Ó rán lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ Faransé, ó sì rán sí olórí ilẹ̀ Faransé. Ohun kan náà ló ń béèrè: kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n, ẹlòmíràn ń yí i sí Faransé, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò ó: ọba tó ń pàṣẹ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun kò lè fi ojú ara rẹ̀ ka lẹ́tà tó ní orúkọ rẹ̀ lábẹ́. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá wọ́n fi ọ̀rọ̀ kún un, tàbí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kúrò? Ó ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ ti mọ bó ṣe ń rí. Kí ẹ tó mọ̀wé, ẹ ń gbé lẹ́tà yín lọ bá ẹni tí yóò kà á. Ọ̀rọ̀ inú ilé yín a wá di ọ̀rọ̀ ẹni yẹn pẹ̀lú. Nísinsin yìí, ẹ lè kà á fúnra yín.

Ìdáhùn tí Béhanzin ń retí kò dé ní ọdún àkọ́kọ́. Kò dé ní ọdún kejì. Nígbà tí ọdún kan pé ní oṣù March 1895, ó ṣì wà lórí òkè Tartenson, ó ń wo òkun.

Kétu ní ọdún kan náà

Ẹ jẹ́ ká fi ojú wo ibòmíràn ní ọdún 1894 yìí kan náà. Nígbà tí ìjọba Béhanzin wó, àwọn ará Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1886 rí ọ̀nà padà sílé. Láti ọdún 1893 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ìlú wọn ti di igbó. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni kò gbálẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń wọ ìlú baba wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ilẹ̀ Dànhọ̀mẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n tún ilé mọ. Wọ́n fi Onyegen jẹ Alákétu ní ọdún 1894. Ẹnubodè àtijọ́ wọn, Àkàbà Ìdẹ̀nà, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Àwọn ará Kétu kò ní òrùlé, kò ní oúnjẹ nínú àká, iṣẹ́ àṣekúdórógbó sì wà níwájú wọn. Béhanzin ní òrùlé, ó ní oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá bá a. Síbẹ̀, ta ni nínú wọn tó ní ilé? Àwọn ará Kétu ní èdè wọn lẹ́nu, wọ́n ní ọkọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn yan ibi tí ògiri yóò wà. Ẹni tó bá ní nǹkan mẹ́ta yìí lè jìyà ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún kejì yóò kórè. Ẹni tí kò bá ní wọn lè jẹun yó lójoojúmọ́, kí ó sì jẹ́ àlejò títí láé.

Òpin ìtàn ọba náà

Béhanzin lo ọdún 12 ní Martinique. Ní ọjọ́ 8 oṣù May 1902, òkè ńlá kan tó ń jẹ́ Pelée bú gbàmù ní apá àríwá erékùṣù náà, ó tu iná jáde, ó sì pa ìlú Saint-Pierre run. Nǹkan bí 28,000 ènìyàn ló kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Fort-de-France bọ́ nínú rẹ̀. Ọba náà ń bá ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1906, àwọn Faransé gbé e kúrò ní erékùṣù náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Algérie ni wọ́n gbé e lọ, ní àríwá Áfíríkà. Ó kú níbẹ̀ ní oṣù December 1906. Kò fi ojú rí Agbómẹ̀ mọ́.

Ouanilo dàgbà, ó kàwé gan-an, ó di agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ Faransé. Òun ló ja ìjà náà dé òpin. Ní ọdún 1928, wọ́n gbà kí ó gbé egungun baba rẹ̀ padà sí Agbómẹ̀. Nígbà tó ń padà lọ sí Faransé, ó kú ní Dakar nínú ọdún kan náà. Ẹ rí i: lẹ́tà tí baba kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọmọ tó mọ̀wé ló rí èsì rẹ̀. Ní oṣù November 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣúra ààfin Agbómẹ̀ 26 padà fún orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dodds ló kó wọn lọ. Ère Béhanzin tó ní orí ẹja òkun wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Kí ni kí àwa wí sí ìtàn yìí? Àwọn kan lè sọ pé: «Ó tọ́ sí i. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ìyá wa ni wọ́n ṣe fún òun náà.» A kò lè bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jà. Àwọn mìíràn lè sọ pé: «Ó jà fún ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí òyìnbó dé, akọni ni.» Òótọ́ ni èyí náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè wà nínú ọkàn wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kò mú un lọ nítorí àwọn baba wa. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n sì gba tiwa pẹ̀lú.

Ìtàn ọba wà nínú ìwé. Ti àwọn baba wa tó sá sórí òkè, ti ìyá tó fi ọmọ pamọ́ sínú ihò àpáta, ta ló kọ ọ́? Wọ́n ní ọdún àkọ́kọ́ tiwọn náà. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí omi, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbin iṣu, alẹ́ tí oorun kò wá. Àwọn àgbà díẹ̀ ṣì wà tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wọn. Ẹ ti mọ̀wé nísinsin yìí. Ẹ mú bébà àti kálámù, kí ẹ lọ jókòó tì wọ́n.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí ilé tó wà ní Fort Tartenson kò fi di ilé fún Béhanzin?
2. Kí ni àwọn ará Kétu ní tí Béhanzin kò ní?
3. Ta ló kọ́kọ́ tẹ abúlé tàbí àdúgbò yín dó? Ibo ni wọ́n ti wá, kí ló sì lé wọn wá?
4. Kí ni wọ́n jẹ ní ọdún àkọ́kọ́ kí irè oko tó jáde? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà kan, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.